Ẹ Jẹ́ Kí Á Kọ́kọ́ Yẹ Ilẹ̀ Ifẹ̀ Wò Kí Á Tó Kọ́lé Sí I

Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n ti hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé fi mọ Ilé-Ifẹ̀ lónìí jáde. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìkọ́lé ní Ìta Yemòó tún kan àwọn ère idẹ mìíràn, lára wọn ni ère Ọọ̀ni kan tó dúró nínú aṣọ oyè rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dùn bí wọ́n bá ń sọ ìtàn méjèèjì yìí, nítorí wọ́n kà á sí ẹ̀rí pé ibikíbi tí a bá sọ ọkọ́ sí ní Ifẹ̀, ìṣúra ni a ó bá pàdé. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn kì í lè bá wọn yọ̀ tán. Ohun tí mo máa ń rò ni iye ìgbà tí ọkọ́ ti kan ohun tó ṣe pàtàkì tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, àti ohun tí a pàdánù ní Wúnmọníjẹ̀ gan-an lọ́jọ́ tí inú gbogbo wa dùn.

Kì í ṣe ti àwọn orí tó rìnrìn àjò kúrò nílé ni mo ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà ṣẹlẹ̀: William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ra méjì nínú wọn kí ó tó dá wọn padà ní ọdún 1950, ọ̀kan sì wà ní British Museum ní London títí di òní. Ohun tí kò lè padà wá mọ́ ni ilẹ̀ tí àwọn orí náà sùn sí. Ṣé inú ọ̀fìn ni wọ́n kó wọn sí ni, àbí ojúbọ kan ló wó lé wọn lórí? Irú ìkòkò wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Ǹjẹ́ èédú wà níbẹ̀? Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ kò ní ìdí kankan láti kọ ìyẹn sílẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ń jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ mọ ọjọ́ orí àwọn orí idẹ Ifẹ̀, amọ̀ tó ṣẹ́kù sínú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń da idẹ ni wọ́n ní láti yẹ̀ wò, òun ló sì darí wọn sí nǹkan bí ọ̀rúndún 14 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15. Amọ̀ inú ère lè sọ ìgbà tí wọ́n dá ère náà. Kò lè sọ ìgbà tí wọ́n sin ín, ẹni tó sin ín, tàbí ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó lè gbà wá lọ́wọ́ irú àdánù yìí kò le rárá. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, kí awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ gbẹ́ àwọn kòtò kéékèèké sí ilẹ̀ náà, kí ó fi wọ́n wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Àyẹ̀wò ilẹ̀ ni iṣẹ́ yìí, ó sì yàtọ̀ sí ìwalẹ̀ ńlá tó ń gba oṣù pípẹ́ àti ọ̀pọ̀ owó. Ìwalẹ̀ ńlá ń wá ìtàn ìlú. Àyẹ̀wò ń béèrè bóyá ohun kan wà níbẹ̀ rárá, bó ṣe jìn tó, bó ti pẹ́ tó, àti bóyá ọwọ́ àwọn ènìyàn òde òní ti bà á jẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹni tó ni ilẹ̀ yóò fi mọ̀ bóyá kí ó kọ́lé bó ṣe wà nínú pílánù, kí ó sún ilé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó fún awalẹ̀pìtàn láàyè láti túbọ̀ gbẹ́lẹ̀ kí simẹ́ńtì tó bo gbogbo rẹ̀. Kòtò àdánwò sábà máa ń jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, tàbí mítà méjì sí méjì. Yàrà àyẹ̀wò máa ń gùn ní tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè gùn tó 30 mítà kí ó sì fẹ̀ tó méjì, wọn yóò sì gbẹ́ mélòó kan káàkiri pápá títí wọn yóò fi rí ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà.

Àwọn ará ibẹ̀ pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọdún 1989, ìpìlẹ̀ Rose, ilé eré kan láti ayé Shakespeare, yọ jáde ní London níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì sí, ariwo sì gba ìlú kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba wọn gbé ìlànà jáde pé kí àyẹ̀wò ilẹ̀ máa ṣáájú àṣẹ ìkọ́lé, ẹni tó fẹ́ kọ́lé ni yóò sì máa san owó rẹ̀. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tó ń ṣáájú ìkọ́lé ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn wọn.

Ọ̀nà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá Ifẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀. Wọ́n máa ń fi katapílà ha ojú ilẹ̀ kúrò lọ́hùn-ún, nítorí oko ni ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń yẹ̀ wò, a sì ti fi ẹ̀rọ ro òkè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ifẹ̀, àwọn ilẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ máa ń wà lébàá ojú ilẹ̀ débi pé àgbàrá òjò ń ṣí wọn sílẹ̀ lójú títì. Katapílà yóò ti ha wọ́n lọ kí ẹni tó ń wò ó tó pariwo. Ṣọ́bìrì, ọkọ́ àti tírówẹ̀lì bíríkìlà ni irinṣẹ́ tí mo fọkàn tán, ọwọ́ ènìyàn sì ni kí ó dì wọ́n mú.

Iṣẹ́ náà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣọ́bìrì. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà àdúgbò àti àwọn àwòrò tó ń bójú tó ojúbọ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ibi tí a kì í gbẹ́, ibi tí àkìtàn wà rí, ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ilé, àti ibi tí ẹnìkan ti gbẹ́ ṣáláńgá tí ó sì dí i pa. Lẹ́yìn ìyẹn ni a óò rin ilẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tí a óò máa ṣàkọsílẹ̀ ibi tí àpáàdì pọ̀ sí, ibi tí ìdàrọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wà, àti ibi tí kò sí nǹkankan. Èèkàn àti okùn ló kàn: a óò fi téèpù wọn ojú ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, a óò fún kòtò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, gbogbo ohun tó bá sì jáde níbẹ̀ ni yóò máa jẹ́ nọ́ńbà yẹn títí ayé.

Ìgbẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́ra. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni a sábà ń gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àfi bí àwọ̀ ilẹ̀ bá yí padà kí a tó dé ibẹ̀, nítorí ìyípadà ilẹ̀ lágbára ju téèpù lọ. Ìpele kan péré bẹ́ẹ̀ nínú kòtò mítà kan sí mítà kan ń mú ilẹ̀ tó wúwo ju 100 kílógíráàmù lọ jáde, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gba inú ajọ̀ kọjá. Ojú ajọ̀ yẹn ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò mọṣẹ́. Ajọ̀ tí ojú rẹ̀ gbòòrò yóò mú àpáàdì, yóò mú egungun, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí kò tóbi ju mìlímítà mẹ́ta lọ yóò jábọ́ sórí òkìtì ilẹ̀, awalẹ̀pìtàn yóò sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Nínú amọ̀ Ifẹ̀ tí í máa ń lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn òjò, ó dára kí a fi omi fọ ilẹ̀ náà nínú ajọ̀ tí ojú rẹ̀ kéré. Amọ̀ yóò ṣàn lọ, ohun tó kù yóò máa dán: òkúta funfun wẹ́wẹ́, èédú, eyín eku, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan tí ihò rẹ̀ ṣì kún fún ilẹ̀.

Síbẹ̀, ògiri kòtò ni mo fẹ́ràn jù. Bí a bá gbẹ́ ẹ dé ibi tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí, tí yangí pupa líle bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láìsí àpáàdì kankan nínú rẹ̀, a óò fi ẹnu tírówẹ̀lì ha ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọn yóò fi tẹ́jú, a óò wọ́n omi sí wọn díẹ̀, a óò sì dúró. Àwọn ìlà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tí a kò rí nígbà tí a ń gbẹ́lẹ̀. Òkè pátápátá yóò dúdú, yóò kún fún gbòǹgbò. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ kan tó ní àwọ̀ eérú lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 ní apá kan, kí ó tín-ín-rín dà nù ní apá kejì, èyí tó ń sọ fún wa pé ibi kan pàtó ni wọ́n ń da eérú ààrò sí. Bí ẹ bá sì rí ìlà kan tó là láti òkè wá sísàlẹ̀, tó gé àwọn ìpele yòókù kọjá, ẹnìkan ló gbẹ́ kòtò níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ìpele wọ̀nyẹn ti wà. A óò yàwòrán ògiri náà sórí ìwé oníwọ̀n, a óò gbé ilẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Munsell, ìwé tó fún àwọ̀ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹni tó wà ní ìlú mìíràn lè mọ irú pupa tí a ń pè ní pupa, a óò sì bu èédú láti inú ìpele tí kò dàrú fún àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń sọ bí èédú náà ti pẹ́ tó.

Àwọn àpáàdì pàápàá ní ohun tí wọ́n ń sọ kí èsì kábọ́ọ̀nù tó dé láti ilé àyẹ̀wò. Àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ wa máa ń yí ṣùkù àgbàdo lára ìkòkò tútù láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, àpẹẹrẹ ibi tí hóró àgbàdo ti jáde á sì wà lára ìkòkò náà títí. Ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá òkun sí apá ibẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 15. Nípa bẹ́ẹ̀, ìpele tí a bá ti bá àpáàdì alámì ṣùkù kan ṣoṣo kò lè dàgbà ju ìgbà tí àgbàdo dé ọ̀dọ̀ wa lọ, bí àwọn àpáàdì mìíràn nínú rẹ̀ tilẹ̀ jọ ti ayé Odùduwà. Ohun tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ìpele ni ó ń sọ ìgbà tí wọ́n tò ó jọ. Bákan náà ni ọ̀rá tí wọ́n fi ń pọn omi tútù tà: bí ó bá jáde ní ìsàlẹ̀ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfọ́kù ìkòkò ọ̀rúndún 12, ilẹ̀ náà ti dàrú, ẹnìkan ti ṣáájú wa gbẹ́ ibẹ̀.

Igbó Olókun, ní ìhà àríwá Ifẹ̀, ni ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó dàrú yìí ti ṣe kókó jù lọ. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní ọdún 1910, ó gbẹ́lẹ̀, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn ìkòkò tí gíláàsì yọ́ mọ́ nínú jáde, ó sì kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Wíwà yẹn kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ilé sì ń wọ inú igbó náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wo irú ibẹ̀ láti òkèèrè yóò sọ pé ó ti tán. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tilẹ̀ gbà pé kò sí ohun tuntun láti kọ́ níbẹ̀, pé gíláàsì ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ ń rà, tí wọ́n ń yọ́, tí wọ́n sì ń fi rọ ìlẹ̀kẹ̀. Láàárín 2010 sí 2012, Abidemi Babatunde Babalola, awalẹ̀pìtàn ọmọ Nàìjíríà, lọ gbẹ́ ibẹ̀ lọ́nà tó létò. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ ni ó rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì tó ju 800 lọ, àti ọ̀pọ̀ kílógíráàmù pàǹtírí gíláàsì. Èédú tó jáde pẹ̀lú wọn fi iṣẹ́ náà sí ọ̀rúndún 11 sí 15.

Ẹ kíyè sí pàǹtírí náà. Ẹni tó ń wa ìlẹ̀kẹ̀ láti tà kò nílò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣẹ́kù. Òun gan-an ló sì jẹ́rìí pé ibi iṣẹ́ ni a dé, kì í ṣe ibi tí wọ́n kó ọrọ̀ pamọ́ sí lásán. Àwọn àyẹ̀wò kẹ́míkà, tí Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU) ní Ifẹ̀ wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ wọn kí ìwalẹ̀ Babalola tó wáyé, fi hàn pé irú gíláàsì kan wà tí láìmù àti àlúmínà, èròjà méjì tó máa ń wà nínú òkúta àti ilẹ̀, pọ̀ gidigidi nínú rẹ̀, irú èyí tí kò bá ti Yúróòpù tàbí ti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dọ́gba. Àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ṣe gíláàsì, láti inú ohun tí ilẹ̀ àyíká wọn pèsè. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ní irú èròjà yìí ti jáde ní Gao, ní orílẹ̀-èdè Mali. Láti inú ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ti fi sílẹ̀ bí ohun tó ti bàjẹ́ ni gbogbo èyí ti wá, nítorí àwọn tó wà á kò wà á tán, àti nítorí ẹnìkan fara balẹ̀ láti ya ibi tó dàrú sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tó ṣì wà bó ṣe wà.

Kòtò kékeré ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí a bá gbẹ́ kòtò mítà kan ní gbogbo mítà 20, ojúbọ kan tí kò fẹ̀ ju mítà márùn-ún lọ lè sùn láàárín méjì nínú wọn kí a má sì fura rárá. Nítorí náà, ìwé àyẹ̀wò tó bá kọ ọ́ pé a kò rí ohunkóhun gbọ́dọ̀ kọ iye ilẹ̀ tí a wò àti iye tí a kò wò mọ́ ọn. Ibí yìí ni yàrà ti wúlò: bí kòtò bá kan etí ohun kan, yàrà ni a óò fi tọ ọ́ lọ láti mọ ibi tó dé. Ilẹ̀ alápàáàdì ló sábà máa ń béèrè fún èyí. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìlú, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri, ní Ìta Yemòó níbi tí Frank Willett ti gbẹ́lẹ̀, ní ilẹ̀ Ọbalárá àti ní Wóyè Asírí níbi tí Peter Garlake ti ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìnàró ni wọ́n to àpáàdì náà, etí rẹ̀ lókè, ní ìlà tó ń dojú kọ ara wọn bí eegun ẹja, wọ́n sì fi òkúta funfun là á láàárín. Nígbà mìíràn, wọ́n á ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín rẹ̀. Bí kòtò àdánwò bá kan irú rẹ̀, a kì í gbẹ́ ẹ kọjá. A óò fọ̀ ọ́ mọ́, a óò yàwòrán rẹ̀, a óò sì wá ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀ láti wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Òfin kò ṣàìsí. Àṣẹ ìjọba 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, òfin 1992 lórí àyẹ̀wò àyíká sì wà fún àwọn iṣẹ́ ńláńlá. Ohun tí kò sí ni èyí tó kan ilé oníyàrá mẹ́rin tí olùkọ́ kan ń fi owó oṣù rẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ irú ilé yẹn ló ń bo Ifẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti hàn ní Benin pé a lè ṣe é nílẹ̀ yìí: láti ọdún 2022, àwọn awalẹ̀pìtàn ti gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ mùsíọ́mù MOWAA (Museum of West African Art) sí kí ilé tó gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mùsíọ́mù ni ìyẹn, owó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò rò pé ó tọ́ kí a gbé owó àyẹ̀wò lé onílé kékeré lórí bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, òru ni àwọn ènìyàn yóò máa gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹni tó bá sì kan ère yóò fi ilẹ̀ bò ó kíákíá kí wọ́n má baà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àròsọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́lé. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó lórí pílánù ilé lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn máa gbẹ́ kòtò kan tàbí méjì lábẹ́ ojú olùkọ́ wọn láàárín ìgbà tí pílánù wà ní ọ́fíìsì tó ń dúró de ìfọwọ́sí. Bí àkókò yẹn ṣe máa ń pẹ́ tó, iṣẹ́ náà yóò ti parí kí ìwé tó jáde.

Bí àyẹ̀wò bá parí, a kì í fi kòtò sílẹ̀ gbayawu. A óò tẹ́ ọ̀rá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a óò dà iyanrìn díẹ̀ lé e, kí awalẹ̀pìtàn tó bá tún padà wá lẹ́yìn ọdún púpọ̀ lè mọ ibi tí ọwọ́ wa dé, lẹ́yìn náà ni a óò dá ilẹ̀ rẹ̀ padà sínú rẹ̀. Títí ètò kan yóò fi wà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tàbí sọ́kàwéè ní Ifẹ̀, bí ẹ bá kan àpáàdì tí wọ́n tò ní ìnàró, ère, tàbí àfọ́kù ìkòkò tó wúwo tí gíláàsì dán mọ́ nínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọwọ́ àwọn lébìrà dúró ní igun yẹn. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀. Ẹ fi rúlà tàbí téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ sì gba mùsíọ́mù tó wà ní Ẹnuwá lọ, tàbí Natural History Museum nínú ọgbà OAU. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wọn bó ṣe jìn tó sí ojú ilẹ̀, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín nìyẹn.